Òṣùwọ̀n Tó Kọ̀ Tí Kò Sọ̀ Kalẹ̀

Nitzia bọ́ bàtà, ó tú bẹ́líìtì, ó tún yọ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kó tó gun orí òṣùwọ̀n. Ọwọ́ òṣùwọ̀n náà gbọ̀n díẹ̀, ó sì dúró sórí kílò mọ́kànléláàádọ́ta. Ibẹ̀ náà ló dúró lánàá. Ibẹ̀ ló dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá àti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀gá Evaristo kọ ọ́ sínú ìwé láìgbójú sókè. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ agẹṣin kan bí a ṣe ń gẹṣin ìdíje. Ó ti gẹṣin fún ogún ọdún nílùú Panamá kó tó fẹ̀yìn tì, èjìká rẹ̀ òsì kò sì tò dáadáa mọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣubú.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù," ó ní. "Nínú ìdíje àṣekágbá yìí, ẹni tó máa gun ẹṣin Canela kò gbọdọ̀ ju kílò mọ́kàndínláàádọ́ta lọ. Bí o kò bá wọ̀n ọ́n, Abdiel ni mo máa gbé e fún. Pa ẹnu ẹ mọ́ fún oúnjẹ, ọmọ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Nitzia ní òun ti gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Abúlé kan lẹ́bàá ìlú Las Tablas ló ti wá, níbi tí bàbá bàbá rẹ̀ ti gbé e ka ẹṣin nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Nígbà tó sọ pé òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ agẹṣin ìdíje, bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kò ní í pẹ́ tí yóò fi padà wálé wá ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí màlúù. Ọmọbìnrin méjì péré ló wọlé lọ́dún yẹn, èkejì sì ti lọ kí ọdún tó parí. Nitzia ti búra pé òun kò ní í padà sílé lọ́wọ́ òfo. Canela, abo ẹṣin pupa tó yára ju gbogbo ẹṣin ilé ẹ̀kọ́ náà lọ, ni ìrètí rẹ̀.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ kù, kílò mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Ó yọ oúnjẹ alẹ́ kúrò, ó yọ ìrẹsì kúrò, láàárín oṣù kan kílò mẹ́ta lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kọ orin nídìí omi ìwẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òṣùwọ̀n dúró. Nitzia bá ronú pé bí òun bá dín oúnjẹ kù sí ìdajì tí kílò mẹ́ta fi lọ, bí òun kò bá wá jẹun rárá, kílò méjì tó ṣẹ́kù kò ní í pẹ́ lọ. Ìṣirò náà tọ́ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ara èèyàn kì í ṣe ìwé.

Kọfí tí kò ní ṣúgà ló ń mu láàárọ̀. Ọsàn kan ló ń jẹ lọ́sàn-án. Àǹtí Eneida, àbúrò ìyá rẹ̀ tí Nitzia ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, a máa se ọbẹ̀ adìyẹ tó kún fún iṣu dè é, òun náà á sì sọ pé àwọn ti jẹun nílé ẹ̀kọ́. Bí àǹtí bá takú, á gbé àwo wọ yàrá, á da oúnjẹ sínú ọ̀rá, á sì lọ fi bọ́ ajá aládùúgbò. Ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn ń ta bí ata, á wọ ẹ̀wù ọ̀rá, á máa sáré yí pápá po kí òógùn lè jáde.

Síbẹ̀, mọ́kànléláàádọ́ta.

Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí kò yé e. Òtútù ń mú un nínú ooru tí àwọn yòókù ń tìtorí rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù. Irun rẹ̀ ń kún inú ìyàrun. Nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá fún oṣù méjì, ó sì dúpẹ́, ó ní wàhálà kan ti dín kù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, ibi tí ìbọ̀sẹ̀ dé á sì sàmì sára rẹ̀ bí okùn. Lọ́jọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni ebi á borí rẹ̀. Á lọ sẹ́yìn ìso ẹṣin níbi tí obìnrin kan ti ń dín hojaldre, àkàrà fúláwà tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà fi ń jẹun àárọ̀, á sì jẹ mẹ́fà lórí ìdúró láìmọ adùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò ní í fi nǹkan kan kan ẹnu, láti fìyà jẹ ara rẹ̀.

Abdiel ló kọ́kọ́ rí i. Ọmọ ìlú Colón ni, ọmọ ìyá kan ṣoṣo, aláwàdà tó máa ń sín gbogbo olùkọ́ jẹ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé ni òun àti Nitzia ti jọ ń fọ ẹṣin pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i tó di ògiri mú lórí àtẹ̀gùn, tí ojú rẹ̀ ti funfun. Ó bu búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó sì na ìdajì sí i.

"Gba èyí, jàre. O ti wá dà bí igi ìfọlẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, Colón la máa wá ẹ lọ."

Nitzia gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Ṣé o rò pé mi ò mọ ohun tó ò ń wá? O fẹ́ kí n sanra kí wọ́n lè gbé Canela fún ẹ. Ẹṣin mi ló wà lójú ẹ."

Abdiel bẹ̀rẹ̀, ó ṣa búrẹ́dì náà nílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni Nọ́ọ̀sì Dalys wá. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló máa ń wá láti ilé ìwòsàn kan láti yẹ àwọn ọmọ náà wò. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun Nitzia, ibẹ̀ sì jìn kòtò, kò tètè dìde. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo aago. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì.

"Nígbà wo lo jẹun kẹ́yìn?" ó bi í.

"Láàárọ̀ yìí, mà."

"Nitzia, ọkàn ẹ ń lù bíi ti ẹni tó sùn wọra, bẹ́ẹ̀ ìjókòó lo wà yìí. O ò gbọdọ̀ gun ẹṣin kankan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wàá máa jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, wàá sì lọ rí dókítà. Fún ọ̀gá ẹ ní ìwé yìí lónìí."

Ọmọ náà gba ìwé, ó dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì láìgẹṣin túmọ̀ sí pé Canela ti di ti Abdiel. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Ọ̀gá Evaristo fún ìgbà díẹ̀, ó ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń wúkọ́ nínú ilé. Lẹ́yìn náà ó ká ìwé náà mẹ́rin, ó mú un lọ sílé, ó sì tì í sábẹ́ ìbùsùn rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ìrì ṣì wà lórí koríko, ẹṣin márùn-ún ń sáré ìdánrawò. Nitzia ló wà níwájú lórí Canela, Abdiel ń tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí. Nígbà tí wọ́n yà sí kọ́nà kejì, Nitzia rí i tí pápá ń ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Kò ní ìrora kankan. Ìka rẹ̀ kàn tú lára ìjánu bí ìka ọmọ tó sùn lọ ni. Canela kò mọ ohun tí ẹni tó gùn ún ń fẹ́, ó yà bàrá sínú. Ẹṣin Abdiel kọ ẹsẹ̀ lára rẹ̀, ó ta kìtì, ó sì dojú dé pẹ̀lú ọmọ náà lábẹ́.

Itan Nitzia ṣẹ́ níbi tó já bọ́ sí. Egungun ẹ̀yìn Abdiel ló ṣẹ́ ní tirẹ̀.

Nílé ìwòsàn, Dókítà Arrocha gbé àwòrán egungun Nitzia sójú iná. Ó ní òun ti rí irú egungun bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n lára ìyá àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún ni. Nígbà tí dókítà fẹ́ jáde, Nitzia bi í ní ìbéèrè tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti oṣù mélòó kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò jẹun. Kí ló dé tí òṣùwọ̀n ò fi sọ̀ kalẹ̀?"

Dókítà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbùsùn. "Bí igi ìdáná bá wọ́n nílé, onílé tó gbọ́n á dín iná kù. Ohun tí ara ẹ ṣe nìyẹn. Ó dín ooru kù, ni òtútù fi ń mú ẹ. Ó dá nǹkan oṣù ẹ dúró. Ọkàn ẹ gan-an ń fara balẹ̀ lù. Ara tó bá ń ṣọ́ oúnjẹ ná báyẹn, rírù rẹ̀ á falẹ̀. Ó tún di omi mú sí ẹsẹ̀ ẹ, omi náà sì wúwo. Nítorí náà, rírù ẹ ò dáwọ́ dúró, ọmọ mi. Iṣan ẹ ń lọ, egungun ẹ ń lọ, omi ló ń dí àyè wọn, tí òṣùwọ̀n fi ń purọ́ fún ẹ. Ìwọ rò pé ebi ò tíì pa ẹ́ tó. Bẹ́ẹ̀ ebi ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́."

Nitzia yíjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ kẹta ni Àǹtí Eneida mú ìròyìn wá. Ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà ti ń sọ pé Abdiel ló jẹ̀bi, pé ó fẹ́ ẹṣin Canela, ló fi mọ̀ọ́mọ̀ rọ́ lu ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́rìí pé àwọn méjèèjì ti ń bínú síra wọn. Nọ́ọ̀sì Dalys kò ní í padà wá títí oṣù á fi tán, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ìyá Abdiel jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ẹnikẹ́ni kò kí i.

"Ọmọ burúkú," ni àǹtí sọ. "Ọlọ́run ló mú un."

Nitzia lè dákẹ́. Itan tó ṣẹ́ yóò jinná, orúkọ rẹ̀ yóò mọ́, gbogbo ayé yóò sì máa ṣàánú rẹ̀. Ó fi odindi ọ̀sán rò ó. Nígbà tí àǹtí dìde láti máa lọ, ó pè é padà.

"Ẹ wo abẹ́ ìbùsùn mi nílé. Ìwé kan wà níbẹ̀."

Obìnrin náà lọ, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó ní òun ti ń se ọbẹ̀ fún ajá láti ìgbà yìí, òun kò sì mọ̀. Ó nu ojú rẹ̀.

"Ọmọ ẹlòmíràn ló sùn sí yàrá kejì yẹn, Nitzia. Ṣé ìwọ lo máa sọ ọ́ ni, àbí èmi ni kí n sọ ọ́?"

"Èmi ni màá sọ ọ́."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nitzia dúró lórí igi ìtilẹ̀ méjì níwájú ìgbìmọ̀, ó ka ìwé nọ́ọ̀sì sókè, ó sì sọ ibi tó fi í sí. Ó sọ pé Abdiel ń gun ẹṣin rẹ̀ bó ṣe yẹ, pé òun ló dákú. Wọ́n yọ ẹ̀sùn kúrò lọ́rùn Abdiel. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìgẹṣin Nitzia títí láé. Wọ́n tún bi Ọ̀gá Evaristo ìdí tó fi jẹ́ pé iye kílò nìkan ló ń wò lára ọmọ tó ń gbẹ lójú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọkùnrin náà ṣí ìwé rẹ̀, ó sì pa á dé.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Nitzia lọ sí Colón. Ìyá Abdiel ló ṣílẹ̀kùn. Kò dá a lóhùn nígbà tó kí i, ṣùgbọ́n ó yà fún un. Abdiel wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ nítòsí fèrèsé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tín-ín-rín nínú ṣòkòtò.

Nitzia kúnlẹ̀ bí itan rẹ̀ ṣe lè gbà á mọ. Ó tọrọ àforíjì. Abdiel ń wo ìta.

"Màmá mi ò lè lọ sọ́jà nígbà yẹn," ó ní. "Wọ́n ń pè é ní ìyá ẹni tó fẹ́ pààyàn. Ó dára bó o ṣe lọ sọ ọ́. Ìyẹn dáa."

"Abdiel—"

"Mi ò tíì lè dárí jì ẹ́. Mo ti gbìyànjú. Máa lọ sílé. Bí mo bá lè ṣe é, màá ránṣẹ́ sí ẹ."

Ó lọ sílé, sí abúlé, sídìí màlúù bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwo oúnjẹ ló gbé ka iwájú rẹ̀, ó sì jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ó pẹ́ kí ara rẹ̀ tó gba oúnjẹ láìbẹ̀rù. Ó ń tiro títí dòní. Ọdún méjì ti kọjá, Abdiel kò tíì ránṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ má fi ebi pa ara yín nítorí ohun tí òṣùwọ̀n ń sọ. Ara tí a kò bọ́ kì í gbọ́ràn; ṣe ló ń jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni tó mọ̀ nípa ìlera bá sì kìlọ̀ fún yín, ẹ má fi ìkìlọ̀ náà pamọ́, nítorí ẹni tó ń fi àìsàn pamọ́ kì í mọ ẹni tó wà lẹ́yìn òun nígbà tó bá máa ṣubú. Nitzia sọ òtítọ́, ó sì gba orúkọ Abdiel là. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tó pẹ́ kó tó dé kò lè gbé Abdiel dìde.