Aṣọ Tí A Ta Yí Ọkọ̀ Ojú Omi Ká

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a kí yín tọmọdé tàgbà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹni tó fún wa ní èémí láìgba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ èémí yìí gan-an la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ìtàn aránṣọ kan àti àwọn àlejò rẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni aránṣọ yìí ti wà nílé ọkọ, ìyá ọkọ rẹ̀ kò sì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé wọn rí. Ọ̀nà jìn, ara Màmá kò sì fi bẹ́ẹ̀ le. Nígbà tí ìròyìn dé pé Màmá ń bọ̀, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ àbúrò ọkọ aránṣọ, àti ọmọbìnrin àbúrò náà tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, inú aránṣọ dùn, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń já. Ó fẹ́ kí Màmá padà lọ sọ nílé pé ìyàwó yìí mọ àlejò tọ́jú.

Ọkọ rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi kan tó fi ń gbé àwọn tó fẹ́ najú lọ sáàárín àwọn erékùṣù olókùúta. Ọkọ̀ náà ní òrùlé, ó ní gíláàsì níwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Màmá kì í sì í fẹ́ òtútù. Ni aránṣọ bá jókòó ti máṣíìnì rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó fi tapólì tó nípọn rán aṣọ tí yóò bo ọkọ̀ náà. Ó so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́lẹ̀ pinpin. Ó rán ti ẹ̀yìn náà, ṣùgbọ́n ó ká ìyẹn sókè.

"Ẹ̀yìn yìí ni atẹ́gùn á máa gbà wọlé," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí ooru mú wọn."

Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ pa aṣọ náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, o ti sọ ọkọ̀ di yàrá."

Lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, ojú ọjọ́ ṣú, òjò wínníwínní sì ń rọ̀. Bí àbúrò ọkọ ṣe wọnú ọkọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ṣé o fẹ́ fi wá pamọ́ ni? Àbí ojú ń tì ẹ́ pé àwa lará ọkọ ẹ?"

"Ọkọ mi kékeré, òtútù ni mò ń sá fún o. Tí Màmá bá sín lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ pé ìyàwó ò tọ́jú ìyá yín."

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀ jàre," ni Màmá wí. "Ara mi ti móoru."

Màmá gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín, ọkọ̀ sì gbéra. Màmá dá orin ìyìn kan sílẹ̀, àwọn tó kù ń gbè é.

Aránṣọ kò jókòó pẹ̀lú wọn. Orí ọkọ̀ níwájú ni àyè tirẹ̀, níta, nínú òjò. Òun ni ojú ọkọ̀. Òkúta pọ̀ lábẹ́ omi náà, bó bá sì ti rí ọ̀kan, yóò ké pé "Ọ̀tún!" tàbí "Òsì!" Ọkọ rẹ̀ tó di ìdarí mú lẹ́yìn gíláàsì yóò sì yà kíá. Kò pè é lẹ́ẹ̀mejì rí.

"Rọra wà á, ọmọ mi," ni Màmá ń wí nínú ọkọ̀. "Kò sẹ́ni tó ń lé wa."

Ọmọ rẹ̀ gbọ́ràn. Ọkọ̀ ń rá bí ìgbín.

Àwọn àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú kùrukùru, wọ́n dúdú, wọ́n dákẹ́, bí àwọn àgbà tó wà nípàdé tí wọn kò sì fẹ́ kí àlejò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹyẹ kan kò fò. Orin inú ọkọ̀ ń lọ lu àwọn òkúta náà, ó sì ń padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi pé àwọn kan wà lẹ́yìn àpáta tí wọ́n ń gbè é.

Ohùn ọmọdé ló kọ́kọ́ já nínú orin náà. Aránṣọ rò pé oorun ló gbé e lọ. Nígbà tó ṣe, kò gbọ́ ohùn àbúrò ọkọ mọ́. Ó ku Màmá nìkan, ohùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Lójijì, Màmá dákẹ́ láàárín ìlà. Aránṣọ dúró kó parí rẹ̀. Àpáta sọ ìdajì tó gbọ́, òun náà sì dákẹ́.

Òkúta kan ń bọ̀ lábẹ́ omi.

"Òsì!"

Ọkọ̀ kò yà.

"Òsì! Ọ̀gá Ọkọ̀, òsì ni mo wí!"

Ó bojú wẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀ dúró ṣánṣán lẹ́yìn gíláàsì, ọwọ́ méjèèjì wà lórí ìdarí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aránṣọ ló ń wò. Ó dà bíi pé ẹnìkan dúró lẹ́yìn aránṣọ, òun ló tẹjú mọ́. Aránṣọ yíjú padà kíá. Àpáta nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sáré, ó tú okùn kan, ó bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ tapólì, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ ra òkúta, ó ké bí aláìsàn tó ń jẹ̀rora, lẹ́yìn náà ó dúró.

Inú ọkọ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ọmọ náà ti sùn lọ sórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì fọwọ́ gbá orí mú. "Orí mi," ó ń ráhùn, "orí mi fẹ́ là." Màmá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń nàka sí àpáta.

"Ẹ wo ọkọ mi níbẹ̀ yẹn. Ó ní kí n máa bọ̀."

Irun orí aránṣọ dìde. Ọdún mọ́kànlá ni ọkọ Màmá ti kú.

"Màmá, lórúkọ Olúwa, ẹ má dá a lóhùn!"

Màmá pajú dé. Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tutù. Òtútù ti mú wọn, ó rò nínú ara rẹ̀, atẹ́gùn ẹ̀yìn yìí ló fà á. Ó na ọwọ́ sí aṣọ ẹ̀yìn tó ká sókè, kó lè tú u sílẹ̀. Orí tirẹ̀ náà ti ń lù kìkì.

Fèrè kan dún gooro nínú kùrukùru.

Ìyá Fèrè ni, obìnrin ẹ̀ṣọ́ omi tí gbogbo èbúté mọ̀. Ó ti rí ọkọ̀ náà lókèèrè bó ṣe ń forí lé àpáta, òun àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti wa ọkọ̀ tiwọn sún mọ́ ọn.

"Má tú u sílẹ̀! Ìwọ obìnrin yẹn, má fọwọ́ kan aṣọ yẹn!"

"Òtútù ló mú wọn, mà!"

"Kì í ṣòtútù, èéfín ni! Ká gbogbo ẹ̀ sókè! Gbé wọn lọ síwájú, síbi tí afẹ́fẹ́ wà!"

Ìyá Fèrè fò sínú ọkọ̀, ó fi ọ̀bẹ gé okùn tapólì. Wọ́n gbé ọmọ náà jáde, wọ́n fa ìyá rẹ̀, wọ́n gbé Màmá. Nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí ọkọ aránṣọ, ó kúnlẹ̀, ó bì, ó gbójú sókè. "Ìgbà wo la débí?" ó bi wọ́n.

Ọmọdé náà ń sunkún, ẹkún náà sì dùn létí. Ṣùgbọ́n Màmá kò jí.

Nínú ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń sáré gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, aránṣọ di Màmá mú mọ́ àyà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé àwọn àpáta yẹn burú ni?"

"Àpáta ò ṣe yín ní nǹkan kan," Ìyá Fèrè dáhùn. "Afẹ́fẹ́ olóró kan máa ń bá èéfín ẹ́ńjìnnì jáde. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Èèyàn á máa mí in símú, á sì gba àyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á fọ́, èébì á máa gbé èèyàn, oorun á dé. Ẹlòmíì á máa gbọ́ ohùn, á máa rí ohun tí ò sí. Wọ́n á ní ìrìn omi ló ń rẹ̀ wọ́n."

"Ṣùgbọ́n mo ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé!"

"Ẹ̀yìn yẹn náà ló gbà wọlé. Ọkọ̀ tó lórùlé máa ń fa afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ra tó bá ń rìn, ibẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì ń tu èéfín sí. O ti ojú fèrèsé pa, o wá ṣílẹ̀kùn fún olè."

Aránṣọ wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi rán an."

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi ọ́síjìn sí Màmá nímú. Ìrọ̀lẹ́ ló lajú. Aránṣọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń bẹ̀bẹ̀, Màmá sì gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Kò dùn mí rárá, ọmọ mi," ó rọra wí. "Ohùn ọkọ mi tutù, ibẹ̀ sì wù mí í lọ. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù báyìí. Dìde, ìfẹ́ lo fi rán aṣọ yẹn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ gan-an gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀."

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí àwa náà bèèrè. Ẹ má ṣe bo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí òjò bá dé, ẹ ṣí iwájú àti ẹ̀yìn kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá, tàbí kí ẹ padà sí èbúté. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé jókòó tàbí lúwẹ̀ẹ́ nítòsí ibi tí èéfín ń gbà jáde, kódà bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì máa yẹ páìpù èéfín wò, kí ẹ sì ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí afẹ́fẹ́ olóró bá wọlé. Jẹnẹrétọ̀ inú ilé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn: ìta gbangba ni àyè rẹ̀, jìnnà sí fèrèsé.

Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí oorun sì ń kùn wọ́n, ẹ má sọ pé ibẹ̀ ló burú. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé wọn síta, ẹ pe olùrànlọ́wọ́, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn, bí ojú wọn bá tiẹ̀ ti là.

Ọlọ́run tó mí èémí sínú wa kò ní jẹ́ kí ohun tí ẹ fi ìfẹ́ ṣe di ikú fún ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Iye tí ẹ bá jáde lọ sójú omi, iye yẹn náà lẹ ó bá padà wálé, pẹ̀lú ayọ̀, pẹ̀lú èémí. Àmín.