Ohun Tí Ẹsẹ̀ Bàbá Ògúnbọ̀dé Sọ

"Kọ mẹ́rìndínlógójì síbẹ̀ jọ̀ọ́," ni Ànú sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ta ló máa mọ̀?"

Dábírà wo òṣùwọ̀n ooru tó wà lára ògiri. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, kò lé, kò dín. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ilé-ìkàwé yìí, ní Ajah, dàgbà ju bàbá Dábírà lọ. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, kí atẹ́gùn ọ̀sà lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù dé, wọ́n fi pákó dí àwọn ihò náà láti inú. Ẹ̀rọ kú tán, kò sẹ́ni tó rántí yọ pákó, inú ibẹ̀ wá ń mú bí ààrò búrẹ́dì. Wọn kò sì lè wó o, nítorí ìjọba ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ilé àjogúnbá tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ojú wọn padà. Ni wọ́n bá rán Ẹnjiníà Fèyíkẹ́ wá, kó tún un ṣe lọ́nà tí yóò fi máa lo iná díẹ̀, tí ara yóò sì tu àwọn tó ń kàwé.

Ẹnjiníà yọ pákó ẹ̀gbẹ́ kan láti fi dán an wò. Dábírà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kì í pa ilé-ìkàwé jẹ, ló fa òṣùwọ̀n lé lọ́wọ́ ní àkókò ìsinmi. "Láago méjì ọ̀sán lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ kan, kọ ohun tó o bá rí," ló sọ fún un. "Òun la máa fi ṣe ìpinnu."

Ànú ò sì jẹ́ kó sinmi. "Bí wọ́n bá rí i pé ó ṣì ń gbóná, wọ́n á ra ẹ̀rọ amúlétutù tuntun. Àwọn ọmọ Lẹ́kkí Phase 1 ń kàwé nínú òtútù, àwa ń fi ìwé fẹ́ra."

Ọ̀rọ̀ òtútù yẹn dùn létí Dábírà. Ó kọ mẹ́rìndínlógójì. Títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí, ohun kan náà ló ń kọ.

Lọ́jọ́ Ajé, Ẹnjiníà pe gbogbo òṣìṣẹ́ àti òǹkàwé jọ sínú gbọ̀ngàn. Ó ka ìwé náà, ó mí kanlẹ̀. "Ó dùn mí o. A máa dá pákó padà, a ó sì ra ẹ̀rọ amúlétutù." Ànú fi ìgúnpá gún Dábírà pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ń jẹ iná bí ẹni jẹ ìpékeré. Sólà tá a fẹ́ gbé sórí òrùlé ò ní lè gbé e, kó tún tan iná fún wa ní ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́rin la ó máa tilẹ̀kùn, kì í ṣe aago mẹ́jọ tí mo ṣèlérí."

Dábírà ṣírò àkókò lọ́kàn. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, aago mẹ́ta ààbọ̀ ló máa ń débẹ̀. Ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn kì í sì í rí iná nílé wọn ní Awoyaya. Ibo ni yóò ti kàwé?

Bàbá Ògúnbọ̀dé tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá sí ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ má bínú o, Ẹnjiníà. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, mo wọ sùtánà mi láti lọ sí ìsìn, mo sì gba inú gbọ̀ngàn yìí kọjá láago méjì. Ẹ mọ̀ pé àwa aláṣọ funfun kì í wọ bàtà sí sùtánà. Ilẹ̀ yìí tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kí ẹ tó yọ pákó, ńṣe ni mo máa ń fò bí ẹni tó tẹ ẹ̀yinná. Bóyá òṣùwọ̀n yẹn ló bà jẹ́."

"Ó lè ti bà jẹ́ lóòótọ́, mà," ni Ànú yára sọ.

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn. Bí Dábírà bá kàn dákẹ́, òṣùwọ̀n ni yóò ru ẹ̀bi, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ṣùgbọ́n ojú tì í. Ó kúnlẹ̀.

"Kò bà jẹ́, mà. Èmi ni mo purọ́. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo rí, mo kọ mẹ́rìndínlógójì."

Kò pẹ́, Ànú náà kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Èmi ni mo tì í sí i, mà."

Ẹnjiníà ò pariwo. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tẹ ilẹ̀ wò. "Bàbá, ẹsẹ̀ yín ò purọ́," ló sọ. Ó wá kọjú sí àwọn ọmọ náà. "Ẹ ó tún un wọ̀n fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, Bàbá á sì máa fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa nu gbogbo ihò ògiri yìí."

Iye tí wọ́n rí ò kọjá mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ni wọ́n bá yọ pákó tó kù. Ihò náà lé ní ẹgbẹ̀ta. Wọ́n kó eruku, wọ́n kó ìtẹ́ ẹyẹ, wọ́n tilẹ̀ rí lẹ́tà ìfẹ́ kan tí ẹnì kan fi há síbẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn. Bàbá Ògúnbọ̀dé gbà á lọ́wọ́ wọn, ó yára tì í bọ àpò bí ẹni tó mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lónìí, kò sí pákó mọ́, iná sólà sì ń tàn títí di aago mẹ́jọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Irọ́ ni Dábírà kọ́kọ́ dà síwájú, díẹ̀ ló sì kù kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti àwọn ẹlòmíràn. Òtítọ́ tó sọ ló ṣí i padà. Nísinsìnyí, bó bá ti jókòó ti ìwé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kó bọ́ bàtà, kó tẹ ilẹ̀ wò.