Ìdájọ́ Wà ní Kóòtù, Àmọ́ Kóòtù Wo?

Tí oṣù Karùn-ún bá ti wọlé báyìí, tábìlì ìdáná Orlena Ledbetter kì í ráyè fún oúnjẹ mọ́. Òdòdó ló máa ń kún un. Òdòdó bébà ni o: pupa, funfun, aláwọ̀ ojú ọ̀run, tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé, tí wọ́n fi wáyà dì, tí wọ́n sì rì bọ inú ìda gbígbóná kí òjò má baà tètè bà á jẹ́. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn kó tó kú. Àǹtí Icy, àbúrò ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ló kọ́ ọ.

Àǹtí Icy ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Orí àga onítáyà ló ń gbé báyìí, nítorí ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ náà ò sì gbàgbé tiẹ̀.

"Orlena, èyí tó o ká yìí, ṣé òdòdó ni àbí ewé kábéèjì?"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n sinmi. Òdòdó ni."

"Ó dáa. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ò kúkú ní bú ọ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀ ni ọjọ́ ọ̀ṣọ́ ibojì, ọjọ́ tí gbogbo ìdílé máa ń gòkè lọ tún ojú oórì àwọn èèyàn wọn ṣe. Kò sí ohun tó dùn mọ́ Orlena tó o nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọkọ̀ á tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn ọkùnrin á máa ro koríko, oníwàásù á gbàdúrà, wọ́n á wá tẹ́ aṣọ funfun sórí ilẹ̀, wọ́n á gbé adìyẹ díndín, ẹ̀wà, búrẹ́dì àgbàdo àti kéèkì ápù sí i. Àwọn ọmọdé á máa sáré láàárín ibojì, ẹnikẹ́ni ò ní jágbe mọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn òkú fẹ́ràn ariwo ọmọdé. Áà, ayé ìgbà yẹn dùn!

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí Travis, ọmọ ẹ̀gbọ́n Orlena, fi wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Àǹtí Orlena, wọ́n ti ti ọ̀nà."

"Ọ̀nà wo?"

"Ọ̀nà ibojì. Ọkùnrin tó ra oko Sizemore ló ri géètì irin síbẹ̀. Àgádágodo rẹ̀ tó ẹ̀ṣẹ́ mi."

Orlena bọ́ ìda kúrò lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀, ó di oko Sizemore. Kessler ni orúkọ ẹni tó ra oko náà. Ìlú ńlá ló ti wá, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ó bọ́ fìlà kó tó sọ̀rọ̀.

"Mà, mi ò ní kí ẹ má lọ síbi òkú yín. Ẹ lè fẹsẹ̀ gba ẹ̀yìn igbó gòkè. Ọkọ̀ ni mi ò fẹ́ nínú oko mi. Nínú ìwé tí mo fi ra ilẹ̀, wọn ò kọ ọ̀nà kankan síbẹ̀."

"Sizemore àgbà àti bàbá mi ti gbé ọ̀rọ̀ yìí dé kóòtù. Adájọ́ ní ká máa gba ọ̀nà yìí títí ayé."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ìwé kóòtù yẹn wá, èmi fúnra mi ni màá ṣí géètì. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí ìwé, mà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Orlena. Lóòótọ́, kí ló mọ̀? Ọmọ kékeré ló jẹ́ lọ́jọ́ náà, lọ́dún 1961. Bàbá rẹ̀ wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè dúdú tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú, ó sì ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Àǹtí Icy mú un lọ gbin ẹ̀wà kó má baà máa sunkún. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, bàbá padà dé pẹ̀lú súìtì ọsàn nínú àpò bébà. Ó dúró lágbàlá, ó ní, "Kò sẹ́ni tó lè dí ọ̀nà ibojì ìyá rẹ mọ́." Ó wá lọ fún màlúù lóúnjẹ. Bàbá yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì sọ̀rọ̀ ọ̀nà náà mọ́ títí tó fi kú.

Nígbà tí Àǹtí Icy gbọ́, ó kọ́kọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. "Ta ló máa pọ̀n mí gòkè? Travis? Ẹ̀yìn tó ń dùn ún látàárọ̀ yẹn?" Ó wá gbé òdòdó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Mo fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan sí i, Orlena. Ọdún tó ń bọ̀ ti jìn jù fún mi."

Ní ọjọ́ kejì, Orlena gba kóòtù ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ lọ, ìyẹn kóòtù Káúńtì Teague, èyí tó wà láàárín ìlú, tó ti ń wò ó látìgbà tó ti gbọ́njú. Akọ̀wé kóòtù wá orúkọ títí. Ó mi orí.

"Kò sí ẹjọ́ kankan láàárín Ledbetter àti Sizemore níbí, mà. Kò tiẹ̀ sí ohun tó jọ ọ́."

Orlena wa ọkọ̀ padà sílé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ géètì nìkan ló ń dùn ún mọ́. Àbí irọ́ ni bàbá pa? Àbí ó kàn fẹ́ kí ọmọ tí kò níyàá sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà ni? Ó jókòó ti àwọn òdòdó rẹ̀, kò lè fọwọ́ kan ọ̀kankan.

"Ẹ má dààmú," ni Travis wí. Ó ti gbé fóònù jáde. "Ojú ìkànnì kan rèé. Wọ́n ní gbogbo àkọsílẹ̀ kóòtù tó wà nílẹ̀ yìí ló wà lọ́wọ́ àwọn. Káàdì báǹkì yín nìkan ni wọ́n ń béèrè."

Orlena ti ń tú báàgì rẹ̀ nígbà tí Nadine Cawood ti ilẹ̀kùn wọlé, ó gbé ẹyin dání. Ọ̀rẹ́ Orlena ni Nadine láti kékeré, wọ́n sì jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì.

"Travis, sọ fóònù yẹn kalẹ̀," ló wí. "Ìwọ náà, Orlena, ti báàgì rẹ. Kí lẹ ń wá?"

Wọ́n rò fún un. Nadine gbé ẹyin sílẹ̀, ó fa àga.

"Níbo ni oko bàbá rẹ wà?"

"Nadine, ṣé orí ẹ ti ń dàrú ni? Pruitt's Mill ni! Àdírẹ́sì wa nìyẹn látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi."

"Mi ò béèrè ibi tí lẹ́tà yín ń gbà wá. Káúńtì wo ni bàbá rẹ ń san owó orí ilẹ̀ fún?"

Orlena ò mọ̀. Wọ́n ti ta oko náà látìgbà tí bàbá ti kú, ilẹ̀ ibojì nìkan ló kù. Àǹtí Icy ló dáhùn láti igun ilé.

"Harlow ni. Ó máa ń ráhùn lọ́dọọdún. Á ní òkè méjì lòun ń gùn kí òun tó lè fún ìjọba lówó òun."

Nadine pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i! Orlena, odò ni ààlà káúńtì. Teague wà níhìn-ín, Harlow wà lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ni oko yín àti ti Sizemore wà. Torí afárá tó wà nítòsí ni onílẹ́tà ṣe ń ti Pruitt's Mill ní Teague wá bá yín. Iléeṣẹ́ lẹ́tà ò wo ti ààlà. Kóòtù ló ń wò ó. Káúńtì tí ilẹ̀ bá wà ló máa ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀."

"Ṣùgbọ́n Teague la ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì! Ibẹ̀ la ti lọ síléèwé!"

"Mo mọ̀. Gbogbo èèyàn etí odò yìí ló máa ń ṣe àṣìṣe yẹn. Mélòó ni mo dá padà nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́!"

"Ojú ìkànnì yìí wá ńkọ́?" ni Travis béèrè.

"Ẹjọ́ tuntun ló máa ń wà lórí kọ̀ǹpútà, ọmọ mi, o sì lè wo ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní kóòtù. Ẹjọ́ 1961, inú ìwé ló wà. Tí kóòtù ò bá tíì gbé e sórí kọ̀ǹpútà, níbo làwọn yẹn ti fẹ́ rí i? Wọ́n á gbowó yín, wọ́n á ní àwọn ò rí nǹkan."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin méjèèjì gun òkè lọ sí Harlow. Nadine ń kọrin nínú ọkọ̀, Orlena ń gbàdúrà. Akọ̀wé kóòtù tó wà níbẹ̀ kí wọn dáadáa.

"Ẹ ò nílò lọ́yà láti wo àkọsílẹ̀, ẹ ò sì ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ wò ó," ló wí. "Àwọn díẹ̀ wà tí wọ́n máa ń pa mọ́, bíi ti ọmọdé, àmọ́ ti ilẹ̀ kò sí lára wọn. Mo lè fi ibi tí ẹ máa wò hàn yín. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ni òfin ò gbà mí láyè láti sọ."

Ó kó ìwé atọ́ka orúkọ wá, ó wúwo bí òkúta. Orlena ṣí ojú ewé Ledbetter níbi tí wọ́n ti to àwọn olùpẹjọ́. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Kò sí bàbá rẹ̀ níbẹ̀.

"Nadine, kò sí o."

"Ta ló pe ta lẹ́jọ́?"

"Bàbá mi ló pe Sizemore ni."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Òun ló rò ó bẹ́ẹ̀. Nadine ṣí ojú ewé Sizemore, ìka rẹ̀ rìn wálẹ̀, ó sì dúró. Sizemore ló pe Hobart Ledbetter, bàbá Orlena, lẹ́jọ́, pé kó yéé gba inú oko òun kọjá. Nọ́ńbà ẹjọ́ náà wà níwájú orúkọ. Orlena gbé ọwọ́ bo ẹnu.

Akọ̀wé wọ yàrá ìsàlẹ̀ lọ, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé fáìlì náà jáde. Ìdájọ́ wà nínú rẹ̀, bí bàbá ṣe sọ ọ́ gan-an: ìdílé Ledbetter àti àwọn tó bá jogún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti máa fi ọkọ̀ gba ọ̀nà náà lọ síbi ibojì, ẹni yòówù kó ni oko náà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìdájọ́ ni wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ níwájú adájọ́ sí. Lọ́yà Sizemore bi í pé kí ló dé tí kò lè fẹsẹ̀ gòkè bíi ti ẹlòmíì. Èsì rẹ̀ rèé:

"Èmi lè fẹsẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi á dàgbà, á darúgbó. Mo fẹ́ kó lè dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ nígbà tí orúnkún rẹ̀ ò bá gbà á mọ́."

Orlena kà á, ó tún un kà. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀! Ẹni tó kàn lọ fún màlúù lóúnjẹ! Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Nadine dì í mú, òun náà ń sunkún, akọ̀wé sì yíjú sí fèrèsé.

Wọ́n sanwó ẹ̀dà ìdájọ́ náà, kóòtù lu òǹtẹ̀ sí i. Nadine ò jẹ́ kí wọ́n tíì lọlé. Ó fa Orlena lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń forúkọ ìwé ilẹ̀ sílẹ̀ sí, kí wọ́n fi ìdájọ́ náà sára àkọsílẹ̀ oko Sizemore. Ó ní kí ẹlòmíì tó bá rà á lọ́la má tún sọ pé òun ò mọ̀.

Kessler ka ìwé náà lórí ìdúró, ó ka ọ̀rọ̀ bàbá náà pẹ̀lú. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ géètì lé Orlena lọ́wọ́.

"Mi ò mọ̀ ni, mà. Ẹ má bínú."

Lọ́jọ́ Sunday, ọkọ̀ gbé Àǹtí Icy dé òkè pátápátá. Travis ti àga rẹ̀ títí dé ojú oórì. Ìyá arúgbó náà tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀, ó fọwọ́ kan òkúta, ó ń fi ìka wá orúkọ tí ojú rẹ̀ ò lè kà mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni," ló wí. "Mo tọ́ ọmọ rẹ. Òun rèé. Ó ti darúgbó."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹjọ́ tí àwọn òbí yín ṣe kò parẹ́. Ó wà nílẹ̀ ní kóòtù, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i. Ẹ kọ́kọ́ béèrè káúńtì tí ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ náà wà gan-an, ẹ má tẹ̀ lé àdírẹ́sì lẹ́tà. Ẹ mú orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ, kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ, kí ẹ sì mọ ọdún náà níwọ̀nba. Ẹ wá a lábẹ́ ẹni tó pẹjọ́, kí ẹ tún wá a lábẹ́ ẹni tí wọ́n pè. Tí kò bá sí ní kóòtù mọ́, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti kó o lọ síbi tí ìpínlẹ̀ ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí. Ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ni kí ẹ gbà. Ẹ má sì fún àjèjì orí fóònù ní káàdì báǹkì yín kí ẹ tó bi akọ̀wé kóòtù léèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ti géètì. Àwọn òbí wa míì wà tí wọn ò sọ̀rọ̀ fún wa nílé, ṣùgbọ́n tí wọ́n sọ̀rọ̀ nítorí wa níwájú adájọ́. Ẹ lọ kà á.