Ẹni Tí Àgbò Fara Kàn

Nígbà tí Ìńsípẹ́kítọ̀ Ògúnṣọlá dé ọgbà ìwádìí ẹran ní Nkwelle Ezunaka, lẹ́bàá Onitsha, gbogbo àgùntàn ibẹ̀ ló ti kú sílẹ̀, àfi àgbò kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí lẹ́yìn. Èèpo ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ́ kù nínú ọpọ́n wọn ń rùn fún oògùn apakòkòrò. Ogun abẹ́lé ti parí, owó epo ti dé, ìjọba sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kọ́ ọgbà yìí. Ṣé kò níí bàjẹ́ náà?

Wọ́n ti ti Yúnúsà, tó ń bọ́ àwọn ẹran náà, mọ́lé. Dókítà Adétóyìn, obìnrin tí ìjọba àpapọ̀ gbé wá láti Ìbàdàn, ló so kámẹ́rà mọ́ òrùlé ilé ẹran. Ó máa ń tan fíìmù rẹ̀ sára ògiri, á dá àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró, á wá wọ̀n bí ara ẹran kan ṣe ń kan ti èkejì.

"Ikọ́ ń jà láàárín wọn, ara kíkàn ló sì ń gbé e kiri," ó ní. "Ó kù díẹ̀ kí n mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Yúnúsà ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ wò ó."

Lára ògiri, ọkùnrin kan gbé agbọ̀n èèpo ẹ̀gẹ́ wọlé. Òkè ni kámẹ́rà wà, nítorí náà fìlà àti kóòtù òjò Yúnúsà nìkan ló hàn.

"Oga, na him cap be that," ni kọ́ńsítébù wí. "Case don finish."

Ọlọ́pàá fẹ́ràn ẹjọ́ tó bá tètè tán. Ṣùgbọ́n Súlìyát, ìyàwó Yúnúsà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ sí, ọ̀gá. Géètì ni fìlà àti kóòtù yẹn máa ń wà, ẹnikẹ́ni lè mú wọn. Ọkọ mi tó sunkún nígbà tí Alájì Gbàdàmọ́sí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta àgùntàn, ta àgbò tí Alájì fúnra rẹ̀ fọwọ́ bọ́ nínú àgbàlá wa! Alájì yẹn nìkan ni kò gbàgbé wa. Òun ló ń gbé oúnjẹ wá fún un látìmọ́lé."

Ògúnṣọlá bá Gbàdàmọ́sí ní Relief Market, ọjà kan ní Onitsha, níbi tó ti ń fi èdè Íbò ná àgùntàn fún oníbàárà.

"Ọ̀rẹ́ mi ni Yúnúsà, ó dùn mí," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ta àwọn ẹran náà fún wọn?"

"Èmi ni. Ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì lójú mi. Mo tà wọ́n, mo gbàgbé."

Ọ̀rọ̀ yìí kọ́ Ìńsípẹ́kítọ̀ lẹ́sẹ̀. Ó padà sọ́dọ̀ Dókítà. "Ẹ bá mi wọn fíìmù ọjọ́ náà lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí ara ẹran ṣe ń kan èèyàn."

Lọ́jọ́ kejì, bí Gbàdàmọ́sí ṣe gbé abọ́ oúnjẹ dé àgọ́, wọ́n gbé e lọ sí ọgbà tòun tabọ́. Ògúnṣọlá ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹran. Àgbò ọlọ́dà pupa kọjá lára Dókítà, ó kọjá lára kọ́ńsítébù, ó sì lọ fi orí ra itan Gbàdàmọ́sí.

"Bó ṣe ṣe nínú fíìmù nìyẹn," ni Ògúnṣọlá wí. "Bí Yúnúsà bá wọlé, gbogbo ẹran ló ń fara ra á lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ májèlé, wọ́n sá, wọ́n fún mọ́ra wọn ní kọ̀rọ̀. Ìgbà tí o da oúnjẹ sílẹ̀ tí o fà sẹ́yìn ni wọ́n tó wá jẹ ẹ́. Eléyìí nìkan ló sáré tọ̀ ọ́, o sì di ìwo rẹ̀ mú títí àwọn yòókù fi jẹun tán. O mọ̀ pé kámẹ́rà ò níí rí ojú rẹ. O ò mọ̀ pé kì í ṣe ojú ni Dókítà ń wọ̀n."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Gbàdàmọ́sí.

"Ọ̀dọ̀ mi ni ikọ́ yẹn ti wá," ó ní. "Wọ́n ti ń wúkọ́ kí n tó tà wọ́n. Bí Dókítà bá rí i, ta ni yóò tún ra ẹran lọ́wọ́ mi ní Onitsha? Ṣùgbọ́n eléyìí, ọwọ́ mi ni mo fi fún un ní wàrà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Mi ò lè pa á."

"Ṣùgbọ́n o lè fi ẹ̀wọ̀n pa Yúnúsà."

Nígbà tí wọ́n tú Yúnúsà sílẹ̀, ó bèèrè ẹni tó ṣe é. Ògúnṣọlá sọ fún un. Súlìyát na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀, ìyẹn ò rí i.

"Àná ni mo ṣàdúrà fún un," ni Yúnúsà wí, "lẹ́yìn tí mo jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán."

Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà, ó ti ìka bọ ọ̀fun, ó sì ń gbìyànjú láti bi oúnjẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde.