Ojú Ìwé Kan Péré fún Bàbá Atẹ̀wé

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àná, bàbá atẹ̀wé wọ awò ojú rẹ̀, ó gba kálàmù, ó sì fọwọ́ sí ìwé onídùúró fún ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ lẹ́ẹ̀mẹta pé kò ní fẹ́ ọmọ òun. Ọmọbìnrin náà, atẹ̀wé, dúró sẹ́yìn àga rẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ ṣáájú ìgbà náà, atẹ̀wé àti ọkùnrin náà kò mọ ara wọn rí.

Ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta: kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tó ń dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká àti ìkéde iṣẹ́ tó gé nínú ìwé ìròyìn. Firíìjì ló ń tún ṣe láti ilé dé ilé. Ilé ìwòsàn ńlá kan ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó àwọn yàrá tútù tí wọ́n ń kó oògùn àti ẹ̀jẹ̀ sí, wọ́n sì ní kí lẹ́tà ìwáṣẹ́ bá ìwé ẹ̀rí wá.

Atẹ̀wé ní lẹ́tà kan tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà láti ọdún mẹ́rin. Gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ ládùúgbò ló ń lò ó. Yóò pààrọ̀ orúkọ, yóò pààrọ̀ àdírẹ́sì, yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó ní ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó mú èsì padà wá. Ilé ìwòsàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kì í ṣe búrẹ́dì. Atẹ̀wé ṣí ẹ̀dà lẹ́tà náà, ojú sì tì í. Ní ìlà kẹta, ó ti gbàgbé láti pa ọ̀rọ̀ ẹni tó lo lẹ́tà náà kẹ́yìn rẹ́: ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti bá yín ṣe búrẹ́dì.

Ó bẹ̀bẹ̀. Ó ń retí ìbínú, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Èmi tí mo ti ń wá ohun tí màá fi padà síbí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ló wí. "Ìbínú wo?"

Nígbà tí ìkéde náà tún jáde, torí pé ilé ìwòsàn kò tíì rí ẹni tó bá wọn lára mu, atẹ̀wé pinnu pé àwọn yóò kọ lẹ́tà tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bi ọkùnrin náà pé kí ni ilé ìwòsàn ń fẹ́. Ọkùnrin náà ní ẹni tó mọ firíìjì ni. Atẹ̀wé ní kó tún ìkéde náà kà. Nígbà tó kà á tán, ó rí i pé ẹni tí kò ní jẹ́ kí oògùn bàjẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. Atẹ̀wé wá bi í pé èwo nínú iṣẹ́ tó ti ṣe ló sún mọ́ ìyẹn jù.

Ọkùnrin náà ròyìn ọ̀sán kan tí firíìjì ilé ìtajà oògùn kan dákú. Ó kó oògùn àwọn tó ní àtọ̀gbẹ sínú kúlà, ó fi aṣọ la àárín oògùn àti yìnyín kó má baà dì, ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ bó ṣe tutù tó sára ògiri ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí, títí ẹ̀rọ fi padà ṣiṣẹ́. Ìgò kan kò bàjẹ́.

"Ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú," ni atẹ̀wé wí.

"Ṣé ìyẹn ò ní dà bí ẹni ń fọ́nnu?"

"Ẹni tó ní òun mọṣẹ́ ló ń fọ́nnu. Ìwọ sọ ohun tó o ṣe. Jẹ́ kí àwọn fúnra wọn sọ pé o mọṣẹ́."

Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n tún lẹ́tà náà kọ. Wọ́n dín in kù sí ojú ìwé kan. Wọ́n wádìí orúkọ ọ̀gá tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Wọ́n yọ "òṣìṣẹ́ takuntakun" kúrò, torí gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá parí rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè: ọjọ́ wo ni yóò rọ ọ̀gá náà lọ́rùn láti rí i?

Nígbà tí wọ́n fi dé ìkarùn-ún, ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Atẹ̀wé mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó ti ń wá àṣìṣe níbi tí kò sí, kí ọkùnrin náà lè padà wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kejì, bi í bóyá ìwé òfin ìlú ni wọ́n ń kọ.

Bàbá wọn ni kò gbà kí ọkùnrin náà fẹ́ ẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ka lẹ́tà ìwáṣẹ́ ní ọ́fíìsì kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ní ẹni tí kò ní ibì kan pàtó tó ń lọ láràárọ̀ kò lè fẹ́ ọmọ òun. Ìyá ní ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà. Bàbá ní òun gbọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbé ẹ̀dà lẹ́tà keje, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn, síwájú rẹ̀, ó kà á, ó sì dá a padà.

"Lẹ́tà yìí dára. Ìwọ lo kọ ọ́. Ṣé ìwọ lo fẹ́ fẹ́ ara rẹ ni? Sọ fún un kó kọ tirẹ̀ sí mi. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Atẹ̀wé pa àṣẹ bàbá rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn kò fi rí ara wọn, ẹ̀rù sì ń bà á, torí kò fẹ́ ẹlòmíràn, kò sì fẹ́ kẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀. Lẹ́tà náà dé lọ́jọ́ Ajé: àfọwọ́kọ, ojú ìwé kan, tí ìlà kan nínú rẹ̀ ti di fífagi lé. Bàbá kà á sókè:

"Bàbá wa, ẹ ń wá ẹni tí ọkàn yín máa balẹ̀ pé ọmọ yín wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò ní iṣẹ́ oṣù. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tún firíìjì ṣe, kò sì sí ilé tí mo ti ṣiṣẹ́ tí mi ò lè padà lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo máa ń pẹ́ dé, torí mi kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí; ọmọ yín ti bá mi wí. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ wo ló máa rọ̀ yín lọ́rùn kí n wá kí yín?"

Bàbá gbé ìwé náà sójú fèrèsé láti wo ohun tó fagi lé. Ó rẹ́rìn-ín. "Òṣìṣẹ́ takuntakun" ló wà níbẹ̀.

"Ọjọ́ Ẹtì," ló wí. "Kó má pẹ́ dé."

Kò pẹ́ dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì náà, ìyẹn àná, akọ̀wé ilé ìwòsàn tó ti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn pè é lórí fóònù, ó ní kó mú ìwé onídùúró méjì wá lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fọwọ́ sí ìkínní. Nígbà tó ṣàlàyé fún bàbá ìdí tó fi mú ìkejì dání, bàbá ní kí wọ́n fún òun ní kálàmù.

"Bàbá, ẹ rò ó dáadáa," ni ọkùnrin náà wí. "Bí nǹkan bá sọnù níbẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú."

"Ọmọ mi ni mo fẹ́ fà lé ọ lọ́wọ́. Kí ni firíìjì jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n ti wọn ìyàwó fún aṣọ. Bàbá ní bí iṣẹ́ dé, bí kò dé, òun kò ní yí ohùn padà.

Ní ti ilé ìwòsàn, akọ̀wé wọn sọ láàárọ̀ òní pé ènìyàn méjì ni àwọn ní kó mú ìwé onídùúró wá, ẹnì kan ṣoṣo sì ni àyè wà fún. Ó ní ọ̀gá ti yan ẹni náà, ṣùgbọ́n òun kò láṣẹ láti dárúkọ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé.