Àyẹ̀wò Tí Wẹ́dà Ṣe Fọ́mọ Ẹ̀ Nílé

Wẹ́dà kan tó ń jórin mọ́rin ò lè jókòó. Á dé ẹnu ọ̀nà, á padà sídìí bẹ́ẹ̀dì, á tún dé ẹnu ọ̀nà. Ike àyẹ̀wò éèdì tó rà ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ ẹ̀ jòjòló níka. Ìlà méjì ló yọ, ìyẹn ni pé kòkòrò wà.

"Má fún un lọ́mú mọ́!" ló pariwo mọ́ ìyàwó ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ebi ń pa á."

Ìyàwó yìí mọ̀ pé òun ní kòkòrò náà. Látìgbà tó ti lóyún ọmọ yìí, kò fi oògùn ẹ̀ ṣeré rí. Ó bú sẹ́kún: "Yéè! Mo ti kó o ran ọmọ mi!"

Ẹ wá wo aájò! Ta ló rán bàbá yìí níṣẹ́ dókítà?

Ìyàwó pọn ọmọ, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Wẹ́dà tẹ̀ lé e, ó tún ń rìn kiri nínú yàrá níbẹ̀.

"Bàbá ọmọ, ẹ jókòó. Òòyì ti ń kọ́ mi."

"Nọ́ọ̀sì, ìlà méjì ni o!"

"Mo rí i. Ike yìí kì í wá kòkòrò fúnra ẹ̀. Ohun tí ara fi ń bá kòkòrò jà ló ń wá. Ìyá ti fún ọmọ ní tiẹ̀ látinú oyún, ó sì máa ń pẹ́ lára ọmọ. Ó lè jẹ́ ti ìyá lẹ rí."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"A ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀rọ kan ti wà báyìí tó ń wá àbùdá kòkòrò gan-an. Bó ti wù kó kéré tó, ẹ̀rọ náà á máa sọ ọ́ di ìlọ́po ìlọ́po títí á fi hàn. Láyé àtijọ́, ọmọ máa ń lé lọ́dún kan ká tó mọ̀."

"Ọmú ńkọ́?" ìyàwó béèrè.

"Ẹ fún un nísinsìnyí. Kẹ́ ẹ máa lo oògùn yín, kọ́mọ náà máa lo tiẹ̀ tá a fún un kí kòkòrò má bàa ràn án."

Ọmọ gbá ọmú mú, ó ń fà á kíkankíkan. Wẹ́dà ò lè wojú ìyàwó ẹ̀.

Èsì ò tètè dé. Ní ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ ẹ̀, wẹ́dà jó àgbékọ́ géètì oníbàárà kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ òdì. Fóònù ò lè dún kó má fò sókè. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pè wọ́n.

"Ẹ̀rọ ò rí kòkòrò kankan lára ọmọ yín."

Wẹ́dà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. "Ìyá ọmọ, máà bínú. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù bà yín, ẹ wá ní kí n febi pa ọmọ?"

Ẹ̀yin òbí, bí ìyá bá ní kòkòrò éèdì, kó má fi oògùn ẹ̀ ṣeré. Ẹ tètè gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ẹlẹ́rọ yìí. Bí èsì bá tiẹ̀ dáa, ẹ máa gbé e padà lọ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá dá fún yín, títí kan ẹ̀yìn ìgbà tó bá já lẹ́nu ọmú. Àyẹ̀wò orí ike ò tó fi ṣèdájọ́ ọmọ jòjòló. Kẹ́ ẹ tó gba ọmú lẹ́nu ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì.