Aláǹgbá Inú Gbòǹgbò Eyín

Anti mi tó ń gbálẹ̀ ilé ìtọ́jú eyín ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó jókòó, ó dìde, ó tún lọ sójú fèrèsé. Ìdíje sáyẹ́ǹsì ilé ìwé rẹ̀ ti sún mọ́lé, kòkòrò inú gbòǹgbò eyín tó jẹrà ló sì fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Dókítà eyín, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ti gbà á sọ́dọ̀. Dókítà ti fọ inú eyín bíríkìlà kan, ó wá fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi ibẹ̀ sínú ìgò, kó lè mọ̀ bóyá kòkòrò ṣì kù.

"Afẹ́fẹ́ ni ikú àwọn kòkòrò yìí," ló kìlọ̀ fún ọmọ náà. "O ò gbọdọ̀ ṣí ìgò yìí."

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ọmọ náà tí wọ́n ń pè ní Aláriwo dé pẹ̀lú fóònù. "Ṣí i ká ya fídíò, jàre! Àbí ojo ni ẹ́?"

Ló bá ṣí i. Wọ́n yà á títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn, ọmọbìnrin náà tún ìgò náà dé, ó sì panu mọ́.

Nígbà tí bíríkìlà padà wá, inú Dókítà ń dùn. "Bàbá, kò sí kòkòrò kankan tó hù. Màá dí eyín yín pa lónìí."

"Ẹ dí i dáadáa o! Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní í ráyè wọ̀ ọ́."

Ọmọ náà mọ̀ pé kòkòrò lè ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá dí i, abẹ́ ni yóò ti máa jẹrà, títí àgbọ̀n bàbá yóò fi wú. Dókítà gbé irin iṣẹ́.

"Anti, ẹ dúró!" ni ọmọ náà ké sí Dókítà. "Mo ṣí ìgò náà. Afẹ́fẹ́ lè ti pa wọ́n kí ẹ tó yẹ̀ wọ́n wò."

Bíríkìlà ta kìjí. "Háà! Aláǹgbá ṣì wà nínú ilé, ẹ fẹ́ rẹ́ ògiri mọ́ ọn!"

Dókítà ò dí eyín náà mọ́, ó fa omi mìíràn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kòkòrò hù níbẹ̀ bí èèrùn.

"Ṣíṣí tó o ṣí i kọ́ ló dùn mí tó bẹ́ẹ̀," ló wí fún ọmọ náà. "Dídákẹ́ tó o dákẹ́ ni. Bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ yẹn. O ò ní í fi iṣẹ́ mi díje."

Ẹ̀yin ọmọ mi, egbò tí a dì láìfọ̀, abẹ́ ló ti ń kẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe tí a fi pamọ́. Ẹ tètè sọ ọ́, kódà bí yóò bá gba nǹkan lọ́wọ́ yín.

Aláriwo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Wá wo fídíò wa! Gbogbo kíláàsì ló ń pariwo rẹ̀!"

Ọmọbìnrin náà kọjá lára rẹ̀, ó ń lọ, kò wẹ̀yìn.